Ẹyẹ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

“Ẹyẹ mẹ́rin, lórí omi, apá ọ̀tún!”

Fumie ké e sókè lórí ọkọ̀ bí ìjì ṣe ń gbá a lójú. Rinako tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé. Òtútù oṣù kejì lójú òkun Nemuro kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Hisao, ọkọ Fumie, ló ka ẹyẹ lójú agbami yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Nísinsìnyí, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń jókòó sí. Bí Fumie bá ti wọlé, á ní, “Kí lẹ rí?” Fumie á ka iye inú ìwé fún un. Hisao á wá béèrè etupirika, ẹyẹ dúdú tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí àgógó tó rẹwà, tí òun kò rí rí nígbà òtútù. Kò sí, ni Fumie máa ń dáhùn, á sì máa dùn ún bí ẹni pé òun ló lé ẹyẹ náà lọ.

Lórí ọkọ̀, Fumie yíjú láti nu omi ojú, ló bá rí i, lẹ́yìn ọkọ̀.

“Etupirika ni,” ó sọ jẹ́ẹ́.

“Ẹ̀yìn ló wà, Àǹtí,” ni Rinako sọ. Òfin Hisao fúnra rẹ̀ ni: a kì í ka ẹyẹ ẹ̀yìn, kí èyí tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ má baà di méjì. “Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ọ̀tún ni, ọ̀tún ni màá kọ. Ta ló fẹ́ bá wa jà?”

Ó wu Fumie gan-an. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti Hisao ti fọ́, àmọ́ etí rẹ̀ ń dá irọ́ mọ̀.

“Má kọ ọ́.”

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú ọkọ rẹ̀. “Kò sí etupirika nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan gba ẹ̀yìn wa kọjá.” Ó ń retí ìbáwí.

Hisao gbé àwo sílẹ̀. “Àgógó rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ti ṣá. Pupa díẹ̀ ló kù lẹ́nu rẹ̀.”

“Báwo ló ṣe ń fò?”

“Bí ẹni tó pẹ́ kó tó jáde nílé, tó wá ń sáré.”

Hisao rẹ́rìn-ín. “Tún un sọ.”

Ó tún un sọ, ó tún sọ ọ́ títí ọbẹ̀ fi tutù. Ìgbà yẹn ló yé e pé láti ọjọ́ tí ojú ọkọ òun ti fọ́, òun kò tíì sọ bí ẹyẹ kankan ṣe rí fún un. Iye nìkan ni òun ń kà.