Àpótí Iná Dókítà Dúrójayé

Ìbíwùmí ti mọ irú ènìyàn tí Dókítà Dúrójayé jẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà sọ fún un pé dókítà ni òun, kò sì sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé kì í ṣe ti ìṣègùn. Ìwé ọ̀rọ̀ òṣèlú ló kà gba oyè náà ní yunifásítì Padua, ọ́fíìsì kan ló sì ń jókòó sí ní Vicenza, nílẹ̀ Ítálì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ra ilé onípákó kan lórí òkè lẹ́yìn ìlú, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ̀ mọ́. Ó wo fídíò ogún ìṣẹ́jú, ó di káfíńtà. Ó wo òmíràn, ó di púlọ́ńbà.

Iṣẹ́ Ìbíwùmí ni páìpù èéfín. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń gun òrùlé àwọn ará Veneto, tó ń gbá inú ihò èéfín wọn, tó ń to ààrò onírin sílé wọn. Ó ṣe ìdánwò, ó gba ìwé àṣẹ, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sára ọkọ̀ tó ń wà. Òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tó ń sọ pé iná ilé báyìí kò ní pa ará ilé náà. Ìwé yẹn ni Dúrójayé ń wá, nítorí àwọn tó fẹ́ bá a ṣe adójútòfò ilé ní àwọn kò lè ṣe é láìsí i.

"Iṣẹ́ ti parí," Dúrójayé wí, kò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà tán. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ìwọ ṣáà fọwọ́ síwèé."

Ìbíwùmí rọra tẹ orúnkún, nítorí ọkùnrin náà fi bí ọdún méje jù ú lọ. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Camino, ibi ìdáná inú ògiri tó wà ní pálọ̀ náà, kì í ṣe èyí tí bíríkìlà mọ. Àgbéwá ni: àpótí páànù tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí, tí wọ́n wá gbé sáàárín férémù pákó, tí wọ́n sì fi páálí líle tí wọ́n fi ń ṣe ògiri bo ojú rẹ̀ kó lè dà bí ògiri gidi. Iná kékeré tí ènìyàn ń wò fún ìgbádùn ni wọ́n ṣe é fún. Inú rẹ̀ ni Dúrójayé ti inserto ńlá kan bọ̀, àpótí irin onílẹ̀kùn gíláàsì tó lè mú ilé alájà mẹ́ta gbóná. Nígbà tí kò wọlé, ó gbé ayùn irin, ó gé àwọn àwo irin tó tẹ́ inú camino náà kúrò.

"Kí lẹ fi àwọn àwo náà ṣe, sà?"

"Mo kó wọn dànù. Wọn ò wúlò."

Àwọn àwo tí kò wúlò yìí nìkan ló wà láàárín iná àti pákó. Ìbíwùmí kò tíì sọ ìyẹn. "Páìpù inserto yìí ńkọ́? Ṣé ó dé òkè òrùlé?"

Dúrójayé rín ẹ̀rín tí olùkọ́ máa ń rín sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ya dìndìnrìn. "Èéfín fúyẹ́, ó máa ń gòkè fúnra rẹ̀. Páìpù àtijọ́ sì wà níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ tún ti òmíràn bọ inú rẹ̀ fún? Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kàn fẹ́ràn kí ẹ máa sọ nǹkan di ńlá."

Ìbíwùmí wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo bàtà onírun rẹ̀ àti awò ojú tó fi okùn so kọ́ ọrùn. Ó ti pàdé àgbẹ̀ lórí òkè Asiago tí agbára káká ló fi ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Àgbẹ̀ yẹn mọ̀ pé bí èéfín bá tutù nínú páìpù gbàgàdà, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ọ̀dà, tí ọ̀dà náà á sì gbiná lọ́jọ́ kan. Ìwé kò pọ̀ lórí àgbẹ̀ yẹn. Ti Dúrójayé pọ̀ débi pé kò ṣẹ́ àyè kù tí làákàyè yóò jókòó sí.

Ọlábímpé, ìyàwó rẹ̀, gbé omi wọlé. Ilé àwọn arúgbó kan nísàlẹ̀ òkè ló ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú. Victory, ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tẹ̀ lé e.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀," Ọlábímpé wí.

Victory na ìka sí ògiri tó wà lókè camino. "Ieri il muro scottava," ó wí, pé ògiri náà gbóná jóni lánàá.

"Ògiri kì í jóni," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ó gbóná ni. Ohun tí a torí ẹ̀ dáná nìyẹn."

Ìbíwùmí gbé ife omi sílẹ̀. Ó pe Giulia, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé kó kó irinṣẹ́ wọlé láti inú ọkọ̀. Ó ní àwọn máa fa inserto náà jáde.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fà á jáde?" Dúrójayé bi í.

"Bí mi ò bá rí ẹ̀yìn rẹ̀, sà, mi ò ní fọwọ́ síwèé kankan."

Wọ́n fà á jáde. Pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti dú bí èédú. Ìbíwùmí fi ṣùkúdíráfà gún un, ó sì wọlé ṣinrin bí ẹni gún ìbẹ́pẹ pípọ́n. Ó sún sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i. Ọlábímpé bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan pákó náà. Yàrá Victory ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọmọ náà ń kọrí sí sùn.

"Pákó yẹn ti dú kí a tó ra ilé," Dúrójayé wí. Ó yíjú sí Ìbíwùmí. "Obìnrin tó ń gbá èédú kò lè kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀. N ó pe òyìnbó tó mọṣẹ́."

"Ẹ pè wọ́n, sà."

Ó lẹ ìwé pupa mọ́ camino náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáná níbẹ̀. Òun àti Giulia kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlábímpé di ẹrù ọmọ àti ti ara rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Pordenone. Ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ kò gùn: "Ọjọ́ tí Àǹtí Ìbíwùmí bá fọwọ́ síwèé ni a ó padà."

Dúrójayé pe òyìnbó méjì. Ẹni àkọ́kọ́ wo ibi tó fi ayùn gé, ó bú sẹ́rìn-ín. Èkejì kò rẹ́rìn-ín. Ó ka orúkọ tó wà lára ìwé pupa náà, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ń pe òun nígbà tí wọ́n ti pe obìnrin yìí.

Ọjọ́ kọkànlá ni fóònù Ìbíwùmí dún. Dúrójayé kò bẹ̀ ẹ́. "Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa," ó wí, "mo sì rí i pé ó yẹ ká tún àwọn nǹkan kan ṣe."

"Ó dáa, sà," Ìbíwùmí wí. Ká ní ti ọkùnrin náà nìkan ni, ì bá fi í sílẹ̀ kí òtútù òkè kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọmọ náà ló rò.

Ó yọ pákó tó jó, ó fi tuntun dípò. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe camino náà, wọ́n fi àwọn àwo mìíràn ránṣẹ́. Ó ka ìwé ìlànà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì mú inserto kékeré tí wọ́n fàyè gbà. Giulia gun òrùlé, ó ń fi okùn fa páìpù irin tí kì í dípẹtà, Ìbíwùmí ń tì í láti ìsàlẹ̀, títí ó fi lọ tààrà láti orí inserto dé òkè. Wọ́n dáná láàárọ̀, wọ́n ń kó igi sí i títí di ìrọ̀lẹ́, Ìbíwùmí sì ń fọwọ́ kan ògiri ní wákàtí wákàtí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ó fọwọ́ síwèé. Ọlábímpé àti Victory dé ní Sátidé.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn náà, Ọlábímpé pè é wá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Adéfẹ́mi, ọ̀rẹ́ Dúrójayé kan láti Turin, wà níbẹ̀. Ó ń wo inserto ńlá tó jókòó sẹ́yìnkùlé lábẹ́ ọ̀rá, ó béèrè ohun tó ṣe é.

"Ó lágbára ju ilé yìí lọ," Dúrójayé wí, ó sì nawọ́ sí èyí tó ń jó nílé. "Àṣírí rẹ̀ ni páìpù. Ó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì dé òkè òrùlé. Oníṣẹ́ mìíràn á sọ fún ọ pé èéfín yóò gòkè fúnra rẹ̀. Èmi ni mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é bó ṣe yẹ."

Ọlábímpé la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìbíwùmí mi orí sí i. Irú ènìyàn yìí kò tó ohun tí a ń bá jiyàn nídìí oúnjẹ, ó kúkú ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí báyìí, kò sì ṣi ẹyọ kan sọ. Ó na àwo rẹ̀ sí Ọlábímpé, ó ní kó bù sí i.