Dókítà Tó Fẹ́ Fi Eyín Gé Òwú

Kí dókítà obìnrin yìí tó wọ ilé ìwé ìṣègùn, ó ti fọ abọ́, ó ti ru bíríkì, ó sì ti ránṣọ. Nọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í yé kan sáárá sí i.

Lónìí, ayùn gé káfíńtà kan lọ́wọ́. Dókítà fọ ọwọ́ tirẹ̀ dé ìgúnpá bí ẹni ń fọ ìkòkò tó jóná, ó dúró gbọn-in, ó rán ọgbẹ́ náà. Ó so kókó tán, ló bá sún ẹnu mọ́ ọn láti fi eyín gé òwú. Ìbòmú ló kó wọn yọ.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá mi, ilé aránṣọ kọ́ la wà o!”

Káfíńtà yí ọwọ́ rẹ̀ wò títí, kò rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ló wí, “ṣé ẹ ṣì ń gba ṣòkòtò?”