Ọgọ́ta Bọ́ọ̀lù Láràárọ̀

Idwal Prosser kì í fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní èèyàn ńlá, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá pè é bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn. Ọmọ awakùsà ni. Inú ihò èédú ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti lo ọjọ́ ayé wọn ní Trehelyg, ìlú kékeré tó há sáàárín òkè méjì ní gúúsù Wales, ṣùgbọ́n Idwal kò wọ ihò rí. Ẹsẹ̀ ló fi sá fún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti England wá mú un, ọdún mọ́kànlá ló sì fi dúró bí ògiri lẹ́yìn fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọ aṣọ pupa orílẹ̀-èdè rẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ló fòpin sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n là á, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, dókítà ní tó bá ṣì fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ́jọ́ alẹ́, kó jókòó.

Kò jókòó. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kọ́ àwọn ọmọdé, ó ṣe igbákejì fún àwọn kan tí kò gbọ́n tó o, kí ẹgbẹ́ Trehelyg tó wá ránṣẹ́ sí i. Ìlú rẹ̀ ti yàtọ̀ nígbà tó padà dé. Wọ́n ti ti ihò èédú pa, àwọn ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ bí ẹní mowó wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn láti àárọ̀ bí ẹni tó ń retí lẹ́tà. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù tó ń mú ẹnu wọn là. Ẹgbẹ́ náà sì rèé, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.

Níbẹ̀ ló ti bá Hefin Bowen. Àwọn tó ń jẹ́ Bowen pọ̀ ní Trehelyg ju òkúta lọ, iṣẹ́ ilé ẹni ni wọ́n fi ń dá ẹnì kan mọ̀ sí èkejì. Baba Hefin ló ń ṣe búrẹ́dì, nítorí náà Hefin Búrẹ́dì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọmọ náà ga bí òpó iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ọkàn rẹ̀ sì mọ́. Àléébù kan péré ló ní. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ lókè, ojú ló máa ń dì.

"Hefin," Idwal pè é, "Ọlọ́run fún ọ ní gíga báyìí, o wá ń fi pamọ́ bí ẹni tó jí i?"

Ó so bọ́ọ̀lù kan rọ̀ sábẹ́ ibi tí àwọn olùwòran ń jókòó sí. Ọgọ́ta láràárọ̀ ni Hefin gbọ́dọ̀ fi orí kàn, lẹ́yìn tó bá ti ibi ààrò bàbá rẹ̀ dé. Bọ́ọ̀lù awọ àtijọ́ ni wọ́n ń lò fún ìgbaradì, bí òjò bá sì ti rin ín, àfi bíi pé èèyàn fi orí kan àpò iyanrìn. Òjò kì í sì í jìnnà sí Trehelyg.

"Kóòṣì, orí ń fọ́ mi o," Hefin sọ lọ́jọ́ kan.

"Ta lorí ò fọ́ rí? Ìyẹ̀fun ló wà lágbárí tìẹ, ọmọ abúrẹ́dì. Mo ṣì ń pò ó ni. Ó ku mẹ́tàdínlógún."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Hefin náà rẹ́rìn-ín. Ó ka á parí.

Láàárín ọdún méjì, kò sí bọ́ọ̀lù òkè tó ń kọjá Hefin mọ́. Ẹgbẹ́ náà gòkè, ó gòkè, títí tó fi ku ìdíje kan ṣoṣo kí wọ́n bọ́ sí ìpele tí wọn ò tíì dé rí. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, níbi ìgbaradì, Hefin àti Dilwyn tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ forí gbá ara wọn. Dilwyn dìde. Hefin kò tètè dìde. Nígbà tó dìde tán, ẹ̀yìn ló kọ sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ó ń rìn lọ sápá ibi tí kò sí nǹkan kan.

Gethin Pugh, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ara àwọn agbábọ́ọ̀lù, fa Idwal sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Idwal. Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ sún mọ́ pápá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Gethin, kànrìnkàn àti omi tútù niṣẹ́ tìẹ. Jẹ́ n ṣe tèmi."

Nígbà tó di Sátidé, tí wọ́n ń wọ bàtà, Hefin gbójú sókè. Ojú rẹ̀ funfun bí aṣọ.

"Kóòṣì, méjì-méjì ni mò ń rí bọ́ọ̀lù."

Gbogbo ilé dákẹ́. Idwal mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn pẹ́, ẹ̀rù yóò wọlé tọ̀ wọ́n.

"Ó mà dáa o," ó dáhùn. "Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún aṣọ́lé wọn kó mú, kó o kan ìkejì sílé."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Ó ku bí ìṣẹ́jú kan kí eré parí nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti igun. Hefin fò sókè, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó kàn án, àwọ̀n mì. Àwọn arúgbó tí wọn ò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n ti ihò èédú pa bú sẹ́kún.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà sílé, orin ń lọ, ọtí ń lọ. Hefin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Idwal. Ó fọwọ́ kàn án.

"Kóòṣì, ta ló gbá a wọlé?"

Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn gbọ́, ó pariwo rẹ̀ fún àwọn yòókù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Idwal náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti wo ojú ọmọ náà, ó sì rí i pé kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Hefin ń bèèrè ni. Idwal yíjú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn àgùntàn lórí òkè títí wọ́n fi délé.

Gọ́ọ̀lù yẹn ló gbé Idwal dé ibi tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní England ránṣẹ́ sí i. Ó gba ife méjì, wọ́n lé e níbì kan, ibòmíì gbà á. Kò sí ibi àsè tí wọn ò ti ní kó sọ ìtàn Hefin Búrẹ́dì àti bọ́ọ̀lù méjì. Ó mọ ibi tí yóò ti dánu dúró, ó mọ ibi tí wọn yóò ti rẹ́rìn-ín. Ti inú bọ́ọ̀sì, kò sọ ọ́ rí.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Trehelyg se oúnjẹ ọ̀sán láti fi rántí ìṣẹ́gun náà. Idwal ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé lókè ìlú. Lẹ́yìn ẹran àgùntàn àti ànàmọ́, wọ́n ní kó dìde. Ó sọ ìtàn náà. Ó dé ibi aṣọ́lé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì.

Obìnrin kan dìde nítòsí ẹnu ọ̀nà. Eirlys ni, ìyàwó Hefin. Òun nìkan ló wá.

"Ọ̀gbẹ́ni Prosser, ẹ kú ìtàn o. Ọkọ mi ò rí méjì mọ́. Kò tiẹ̀ rí ẹyọ kan. Láàárọ̀ yìí ló bi mí pé ta ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Àwọn dókítà tó ń wo ọpọlọ ẹ̀ ní kí n sọ iye ìgbà tó fi orí kan bọ́ọ̀lù láyé ẹ̀, mo ní n ò mọ̀, ẹnì kan ló ń bá a kà á."

Ó mú àpò rẹ̀, ó jáde. Wọ́n ń wo Idwal bóyá yóò fi àwàdà kan pa wọ́n lẹ́rìn-ín, bó ti máa ń ṣe. Ó jókòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹ nu bàtà yín," ni Eirlys fi kí i.

Hefin jókòó nídìí fèrèsé, ara rẹ̀ le, ó tóbi, irun rẹ̀ ni wọ́n fi òòyà yà bíi ti ọmọ tó ń lọ sílé ìwé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá tún ẹ̀rọ omi gbígbóná ṣe?" ó bèèrè.

"Rárá o. Mo kàn wá kí ẹ ni."

Hefin tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀yìn Idwal bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Kóòṣì pé orí ń fọ́ mi o. Á yọ mí kúrò nínú ti Sátidé."

Idwal fẹ́ sọ pé èmi nìyí, kò lè sọ ọ́.

"N ò ní sọ," ó dáhùn.

Ó bá Eirlys ní ilé ìdáná. Obìnrin náà ń da tíì, kò wẹ̀yìn. Idwal sọ ti Gethin fún un. Ó sọ ti inú bọ́ọ̀sì. "Mo rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Eirlys. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Mo gbójú kúrò ni. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo tún ní kó wá kàn án."

Eirlys gbé ìkòkò tíì sílẹ̀.

"Láti gbogbo ọdún yìí wá, ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé ẹ ò mọ̀. Pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn. Òun ni mo fi ń rí ẹnu kí yín tá a bá pàdé nígboro. Ẹ wá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi."

"Dárí jì mí."

"Mi ò ní ìdáríjì nílé, Ọ̀gbẹ́ni Prosser. Ṣùgbọ́n àwa ìyàwó àwọn agbábọ́ọ̀lù ń kó ẹ̀rí jọ fún àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ sì máa wá bá mi jókòó tì í ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n lè ráyè jáde."

Ó kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni, kò fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ níbì kankan. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ tàn, Dilwyn, balógun ìjọ́sí, dá a dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dùn nílùú yìí láti ogójì ọdún, Kóòṣì, ẹ wá sọ ọ́ di kíkorò lẹ́nu wa."

"Dilwyn, ìwọ náà forí gbá a lọ́jọ́ yẹn. Ṣó o ti lọ rí dókítà?"

Dilwyn wò ó, ó sì rìn lọ. Àwọn kan dẹ́kun kíkí Idwal. Ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjì ló fi lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó máa ń bó ọsàn fún Hefin, wọn á jọ rìn yíká ọgbà. Nígbà míì Hefin á bi í níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Idwal á ní òun ti fẹ̀yìn tì. "Ẹ mà gbádùn," Hefin á fèsì. "Kóòṣì tiwa ò lè fẹ̀yìn tì láé." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó bínú. Pẹ̀lú ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀.

Hefin kú nínú oṣù kejì, nígbà tí yìnyín ṣì wà lórí òkè. Idwal bẹ Eirlys pé kó jẹ́ kí òun wà lára àwọn tí yóò gbé pósí. Ó ní rárá. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n rárá ni. Àwọn ọmọ abúrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Hefin, ló gbé e. Dilwyn náà gbé e. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, Idwal dúró síta pẹ̀lú àwọn tí kò ráyè wọlé, òtútù ń mú orúnkún rẹ̀, ó ń bá wọn kọ orin láìdé fìlà.

Nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, Eirlys rí i lẹ́nu géètì ilé rẹ̀. Ó ní kó wọlé wá mu tíì. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga tó wà nídìí ilẹ̀kùn, ife tíì náà sì tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.