Má Fi Omi Gbígbóná Fọ̀ Ọ́

Áńkáṣíìfù Fadá ti gan bíi páálí. Alágbàfọ̀ fi ìka méjì fà á yọ nínú àpò ṣòkòtò, ó na ọwọ́ jìnnà sí ojú, ó sì yínmú. Ikun ti gbẹ mọ́ aṣọ náà débi pé nígbà tó gbìyànjú láti ṣí i, ó dún. Ó sọ ọ́ sínú bàsíà, itọ́ ń kún un lẹ́nu. Ó wá yẹ ọrùn ẹ̀wù wò: òógùn ti fa ìlà rẹ́súrẹ́sú yí i ká. Abẹ́ apá ńkọ́? Kò tilẹ̀ fẹ́ gbé imú débẹ̀.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yìí kan náà, iwájú ẹni tó fọn ikun yìí ló máa kúnlẹ̀ sí, tí yóò máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí.

Ọ̀rọ̀ náà ń rí i lára. Kì í ṣe pé Fadá ṣẹ̀ ẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpò aṣọ ìdọ̀tí wá, kì í fi omi kàn án tẹ́lẹ̀, kì í tọrọ gáfárà. A gbé e lé orí tábìlì, a ní, "Ẹ bá mi wò ó," a sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn ti ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ pè é ní bàbá? Katikíìsì tó kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ti ṣàlàyé títí: kì í ṣe Fadá lẹ ń jẹ́wọ́ fún, Ọlọ́run ni. Alágbàfọ̀ mi orí bí ọmọlúàbí. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, Ọlọ́run ò kúkú ní ikun nímú.

Ìjọ mìíràn ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un lọ́mọdé. Ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ Kátólíìkì látinú oyún, àwọn ọmọ wọn méjèèjì sì tẹ̀ lé ìyá wọn. Bó bá di àsìkò àtigba ara Olúwa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, gbogbo wọn a dìde, a ku òun àti báàgì ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ṣọ́ báàgì yẹn títí ó fi sú u. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á wọ ìjọ, kí òun náà lè bá aya àti ọmọ dìde. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́wọ́ lónìí, kò ní dìde lọ́la.

Nítorí náà ó ti múra ìjẹ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bó ti ń ti áyọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn ló ń kà á: òun máa ń tètè bínú, òun ti sọ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ ti ń gbẹ nígbà tí òun kò tíì rẹ ẹ́ sómi, òun ti mutí yó, òun ti wo obìnrin olóbìnrin. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣeé mú jáde láwùjọ ni gbogbo wọn. Ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a ní igun mẹ́rin.

Èyí tó kù wà ní yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí òbí wọn kú, tó kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ fífọ̀, tó sì fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún un. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì ti fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó alágbàfọ̀ ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń fọ aṣọ ibùsùn tó bá yàgbẹ́ sí. Kò sí ẹ̀gbin àjèjì tí ọwọ́ alágbàfọ̀ ò tíì kàn rí, ṣùgbọ́n ti ọmọ ìyá rẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn án. Láràárọ̀, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a di èémí mú, a ní, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá," a sì yíra padà kí èémí náà tó tán. Òórùn yàrá yẹn, àti itọ́ tó máa ń ṣàn nígun ẹnu, ń kó o nírìíra débi pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé bọ̀ọ̀dá ò jẹun dáadáa mọ́, inú rẹ̀ dùn. Bóyá kò ní pẹ́ mọ́, ló rò. Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohun tó rò, òun fúnra rẹ̀ sì kó ara rẹ̀ nírìíra ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ó ti pinnu pé ìyẹn ò ní dé etí ẹni tí òun ń fọ ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ń fi ọṣẹ pa ọrùn ẹ̀wù Fadá nígbà tí obìnrin aránṣọ òdìkejì títì wọlé, ọ̀rá dúdú lábẹ́ apá rẹ̀. Obìnrin náà wo ẹ̀yìn kó tó tú u. Aṣọ ibùsùn funfun ni, àbàwọ́n ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ti pọ́n bí ìpẹtà.

"Ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni."

Kò sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá, òun náà ò sì bèèrè. Alágbàfọ̀ tó bá ń bèèrè, kò ní pẹ́ tí yóò máa jókòó ti áyọ́ọ̀nù tútù. Ó fi èékánná ha á. "Omi gbígbóná lẹ fi fọ̀ ọ́."

"Mo sè é. Mo tún da bílíìṣì sí i."

"Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Omi tútù la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ṣe ni omi gbígbóná ń sè é mọ́ aṣọ lára. Bó ṣe rí ni kẹ́ ẹ máa gbé e wá, èmi ni mo mọ ohun tí mo máa ṣe sí i."

Obìnrin náà ń ká ọ̀rá rẹ̀, ó ń tú u. "Ojú ló tì mí," ó ní. "Mo fẹ́ kó mọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i."

Kó mọ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀! Ó ń kùn títí obìnrin náà fi lọ. Ẹ̀kọ́ tí òun kọ́kọ́ kọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, tí gbogbo àdúgbò ò tíì rí kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gbé kẹ́tùlù sún mọ́ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀: ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, omi tútù.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ìró bẹ̀rẹ̀ lára ògiri. Ko, ko, ko. Ṣíbí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń kan ògiri bó bá fẹ́ nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá àwọn ìyá ìjọ gbálẹ̀ de ọ̀la. Alágbàfọ̀ gbórí sókè, ó sì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìrìn débẹ̀, nítorí òórùn kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. "Ìyá ọmọ máa tó dé," ó wí fún áyọ́ọ̀nù. Ìró náà dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó dákẹ́ pátápátá, ara sì tu alágbàfọ̀. Ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun tó gba sítáàṣì dáadáa, ó sì gba títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èyí tó dáa ló kó jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù.

Ìlà kò gùn. Inú àgọ́ pákó kékeré kan ni Fadá jókòó sí, lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Arúgbó kan wọlé, ó jáde, ó ń nu ojú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé. Alágbàfọ̀ ló kàn, ó ń kà á sínú: mo máa ń tètè bínú, mo purọ́ fún oníbàárà. Ìgbà náà ni Fadá fọn ikun, tó fọn ọ́n tagbáratagbára, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Alágbàfọ̀ rí i bí áńkáṣíìfù náà yóò ṣe gan tó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì rí ara rẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń ka irọ́ tó ti lọ̀ dáadáa. Kò mọ èyí tó rí òun lára jù nínú méjèèjì. Ó yà kúrò lórí ìlà.

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ti ṣe tán?"

"Mò ń lọ mumi nílé," ó ní, kò sì dúró.

Omi mímu náà ló tìtorí ẹ̀ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ó ṣí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ibùsùn, aṣọ ibùsùn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fúláàsì omi gbígbóná tí ìyàwó alágbàfọ̀ máa ń gbé sílẹ̀ fún tíì rẹ̀ ti dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbo aṣọ náà ṣáá, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ sì ti pọ́n. Ooru ti gbé òórùn ìgbẹ́ dìde. Alágbàfọ̀ fi apá ẹ̀wù bo imú.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i, ó fa aṣọ náà bo ara. "Má wò ó," ó ní, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Má wò ó."

Wọ́n ní ọ̀tún ló ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹyọ kan ló kù fún ọkùnrin yìí. Ó sì mọ̀ nípa omi gbígbóná, òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀. Ó kan ògiri, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn, ó wá fẹ́ kó mọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ sínú omi náà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Bó ṣe rí ni kẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ fún mi."

Ìríra náà ò lọ. Ó jáde lọ bì lẹ́ẹ̀kan, ó nu ẹnu, ó padà wá. Ó wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e sórí ibùsùn, ó yà á lẹ́nu bí kò ṣe wúwo mọ́. Nígbà tó ti aṣọ náà bọ inú bàsíà, ohùn kan ti orí ibùsùn wá.

"Omi tútù."

"Omi tútù ni, bọ̀ọ̀dá."

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a. Ó wo bàsíà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Fadá ò tíì lọ," ló wí. "Ẹ̀wù mìíràn wà lórí okùn, ẹ pààrọ̀."

Alágbàfọ̀ wo apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀gbin dé ìgúnpá, sítáàṣì ti kú nínú rẹ̀. "Màá lọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Lójú títì àwọn èèyàn ń yà fún un. Kò ka nǹkan kan sínú. Kò sẹ́nìkan mọ́ lórí ìlà nígbà tó dé, ó sì wọlé tààrà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú òórùn rẹ̀. Ní òdìkejì, Fadá fa imú sókè, ó ń dúró. Alágbàfọ̀ wá ìbẹ̀rẹ̀ tó ti kọ́, kò rí i. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni àpò aṣọ ìdọ̀tí lórí tábìlì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìfomi kàn án.

"Fadá," ó ní, "ẹ bá mi wò ó."