Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tún Ọkọ̀ Ìrọ̀rùn

Ọ̀sà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tí omi wà láàárọ̀ ti di ilẹ̀ gbígbẹ, yanrìn funfun ló tẹ́ lọ títí dé òdìkejì, níbi tí èéfín àwọn tó ń yan ẹja ti máa ń rú. Kò sí ẹrẹ̀, kò sí òkú ẹja kankan, àní ó dà bíi pé omi ò gbé ibẹ̀ rí. Ọkọ̀ Ìrọ̀rùn nìkan ló dúró láàárín gbogbo rẹ̀, ìgbòkùn rẹ̀ ta sókè, ó kún fún afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ewé kan ò mì níbi kankan. Orímisan dúró ti ọkọ̀ náà, ó ń wo ìgbòkùn yìí, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Àlá nìyí o. Mo ń sùn ni." Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n mímọ̀ yẹn ò jí i.

Òótọ́ ni, ó ń sùn. Ọ̀sán gangan ni, abẹ́ ìbòòji ọkọ̀ yẹn náà ló sì sùn sí, lórí àpò sìmẹ́ǹtì méjì, tòun ti irin tó fi ń fá ọ̀dà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko fá ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára pákó á mọ̀ pé oorun irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kì í gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbé e lọ.

Iṣẹ́ yanrìn ni Orímisan ń ṣe, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akíntìmẹ́hìn. Inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń wa yanrìn tí àwọn èèyàn fi ń kọ́lé, ọkọ̀ onígbòkùn yìí ni wọ́n sì ń gbé lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi jọ ṣe é. Orímisan ló ń wọ omi, nítorí èémí rẹ̀ gùn. Á mú korobá dání, á lọ sísàlẹ̀ pátápátá, á bu yanrìn kún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì fi okùn fà á gòkè. Akíntìmẹ́hìn yìí kan náà ló ń gbọ́n omi tó bá wọnú ọkọ̀. Bí Orímisan bá ti yọrí lójú omi, ohùn igbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, gbàà, gbàà, gbàà. Á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sinmi díẹ̀ ná." Akíntìmẹ́hìn á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìwọ gbájú mọ́ yanrìn rẹ. Eré ni mo ń fi eléyìí ṣe." Orímisan gbà pé lóòótọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn omi gbígbọ́n. Àwọn kan ń ta ayò, àwọn kan ń jẹ obì, tirẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á fa Ìrọ̀rùn gòkè, wọ́n á fá a, wọ́n á dí ojú pákó, wọ́n á sì kùn ún lọ́tun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Orímisan ló ni ẹ̀gbẹ́ òsì, Akíntìmẹ́hìn ló ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Bí àbúrò bá yára parí tirẹ̀, tó ní kí òun wá bá ẹ̀gbọ́n fá díẹ̀, ẹ̀gbọ́n á lé e bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́. "Lọ jẹun jàre! Ta ló pè ọ́ síbí?"

Oṣù mẹ́jọ rèé tí Akíntìmẹ́hìn ti kú. Omi kọ́ ló pa á, ikọ́ ni. Lórí ẹní tó kú sí ló ti di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, tó ní, "Má jẹ́ kí Ìrọ̀rùn kú sórí ilẹ̀. Kùn ún, kó o sì dá a padà sómi." Orímisan ní, "Mo ṣèlérí, Bọ̀ọ̀dá." Láti ọjọ́ yẹn, ìlérí yìí ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún un, òun náà ò sì bèèrè nǹkan mìíràn. Bí ọkọ̀ yẹn bá ti lè wọ omi lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú tirẹ̀, gbogbo Akíntìmẹ́hìn kọ́ ló kú.

Ọkùnrin méjìlá ló bá a fà á gòkè lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti etí omi tó ti jókòó sí látọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n to igi róbótó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tì í, wọ́n ń fà á, òógùn ń bọ́. Baba Sẹ̀wànú, káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní èbúté wọn, dúró ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dí adìẹ lọ́nà. "Ẹ má fèjìká ti ibí yìí o! Òsì ni kí ẹ tì! Mo ní òsì!" Orímisan rò pé ogbó ló ń da bàbá náà láàmú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fá ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó parí rẹ̀ láàárọ̀ òní, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ní kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni oorun ti gbé e.

Nínú àlá náà, ó gbọ́ gbàà, gbàà, gbàà.

Ó gbójú sókè. Akíntìmẹ́hìn ló wà nínú ọkọ̀, ó ń fi igbá gbọ́n omi tí kò sí níbẹ̀. Igbá rẹ̀ gbẹ, inú ọkọ̀ gbẹ, síbẹ̀ ohun tó ń dà síta tutù, ó sì ta sí Orímisan lẹ́sẹ̀. Ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà sípò, kì í ṣe bí ikọ́ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ̀wù bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn kan ló wọ̀, tí wọ́n kọ méje sí lẹ́yìn. Ẹ̀wù náà kéré sí i, ìdodo rẹ̀ wà níta.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Orímisan wí, "ẹ̀wù mi lẹ wọ̀ yẹn."

"Òun ni. Mo yá a ni."

"Mo bá Lámídì aládùúgbò wa jà nítorí ẹ̀wù yẹn. Mo pè é lólè lójú gbogbo èèyàn."

"Mo wà níbẹ̀." Akíntìmẹ́hìn gbé igbá kalẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ó dùn mí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́."

Orímisan fẹ́ bèèrè ìdí tí kò fi lè sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pákó kẹta láti ìsàlẹ̀, nítòsí ìdí ọkọ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó máa ń fi ìka mẹ́ta péré dì mú, ó ní, "Bá mi gbé agolo yìí dání."

Orímisan gbé e dání. Ó wo inú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Agolo náà mọ́ tónítóní, ó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó ń yọ ọ́, ó ń fi kun pákó, ọ̀dà búlúù sì ń jáde lára pákó lóòótọ́. Ojú kan náà ló ń kùn, ó kùn ún, ó tún un kùn, ó tún un kùn. Orímisan ò sọ fún un pé agolo ti ṣófo. Ó wù ú kó dákẹ́. Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún inú rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á kó má lọ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé e lọ.

"Má fá ibí yìí," ni Akíntìmẹ́hìn wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́. Fi í sílẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé á padà sómi?"

Akíntìmẹ́hìn ti búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo. Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Gbé e sókè díẹ̀."

Orímisan gbé agolo sókè. Ìgbòkùn tó kún fún afẹ́fẹ́ lókè wọn rọ̀ wọ̀ọ̀, ó sì fara mọ́ òpó. Akíntìmẹ́hìn wá yíjú sí i, ojú ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́n omi rẹ̀, Orímisan. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ rẹ̀."

Gbàà, gbàà, gbàà. Orímisan lajú. Ọ̀sà wà níbi tó máa ń wà, omi rẹ̀ ló ń lu etí èbúté. Oòrùn ti yí, ìbòòji ti fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gbẹ.

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú irin, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú pákó kẹta láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má fá ibẹ̀, ṣùgbọ́n alààyè ni òun, ó sì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ọ̀dà ibẹ̀ ki ju tibòmíràn lọ, ó wú síta bí ibi tí agbọ́n ti ta èèyàn. Ó fá a. Búlúù ṣí, àwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fá àwọ̀ ewé, pupa yọjú. Ó fá pupa, kóótà, ọ̀dà dúdú tí omi kì í wọ̀, ló wà níbẹ̀, irin rẹ̀ sì wọlé láìdún, ó wọlé títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Igi ò sí níbẹ̀. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó sì fa àkísà jáde. Àpò ìrẹsì ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n ti fi kóótà rẹ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni etí ìró kan tó mọ̀ dáadáa, ìró ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti le gbandi. Ó fi irin tú u, ó rí àwọ̀ ọsàn, ó sì rí méje.

Ọdún tí wọ́n bí àbígbẹ̀yìn Orímisan ni ẹ̀wù yẹn sọnù lórí okùn tí wọ́n sá a sí. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlá. Ọdún mọ́kànlá ni Orímisan ti fi ń lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà, tó ń gòkè wá bá ọkọ̀ tó jẹ́ àkísà àti ọ̀dà, tí ẹnì kan ń gbọ́n omi inú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, tó ní eré ni òun ń ṣe. Ó fi ìdí irin kan àwọn pákó yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń dún bí tìmùtìmù.

"O ti rí i," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Baba Sẹ̀wànú ni, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà léjìká.

"Ẹ mọ̀, Bàbá?"

"Èmi ni mo ń kó àkísà fún un."

"Ẹ ò sì sọ fún mi! Èmi tí mò ń wọ omi!"

"Torí pé ìwọ lò ń wọ omi náà ni. Ó ní tó o bá wà nísàlẹ̀, tó o sì ń ronú ọkọ̀, èémí rẹ ò ní gbé ọ gòkè. Ó fi mí búra."

Orímisan nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn pákó yìí, ká fi tuntun rọ́pò wọn."

"Kí la máa kàn wọ́n mọ́? Igi tó yẹ kó gbá ìṣó mú ò sí mọ́. Tá a bá yọ ẹyọ kan, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ yìí ti parí, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti parí."

"Kí ló dé tó wá ní kí n ṣèlérí?"

Baba Sẹ̀wànú gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹni tó ń kú ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, Orímisan. Ohun tó wù ú ló sọ."

Wọn ò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Ìyá Mopélọ́lá, opó Akíntìmẹ́hìn, fi yọ lọ́nà èbúté, abọ́ oúnjẹ lórí, aṣọ ìgbòkùn tó ká lábẹ́ apá. Ó ń rìn kánkán. Láti oṣù mẹ́jọ, Orímisan ò rí i kó rìn bẹ́ẹ̀. Orímisan kọ́kọ́ ki etí ìró yẹn padà sínú ihò, ó ki ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tẹ̀ lé e, ó ki nẹ́ẹ̀tì, ó ki àpò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n títí ojú wọn fi dọ́gba. Baba Sẹ̀wànú wò ó, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kan iwájú ọkọ̀ bí ẹni ń kí èèyàn. "Mo ti lẹ ìgbòkùn tán. Lánàá ni mo parí rẹ̀. Ibi mẹ́tàdínlógún ló ti ya."

"Ẹ ṣé, Ìyá Mopélọ́lá. Ẹ ò ṣe iṣẹ́ kékeré."

Ó ṣí agolo ọ̀dà tuntun. Ìgbà yẹn ló yé e pé ẹ̀gbọ́n òun ò wá kìlọ̀ kankan fún òun lójú àlá. Iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù, ìyẹn fífi ọ̀dà bo ihò yìí kí ẹni tó ń retí ọkọ̀ má bàa rí i, ló wá fi lé òun lọ́wọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gbà á.

"Ẹ bá mi gbé agolo yìí dání," ni ó wí.

Obìnrin náà gbé e dání. Orímisan fi ìka mẹ́ta mú búrọ́ọ̀ṣì, ó tì í bọ agolo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ibẹ̀.

"Ṣé á padà sómi kí òjò tó dé?" ni obìnrin náà bèèrè.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀," ni Orímisan wí.