Ife Tó Kún fún Kaliypa

Aisuluu, olùkọ́ tó kọ́ Bektur bí wọ́n ṣe ń bu tíì, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, nígbà tí a jọ ń dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá ọjà Karakol, ìlú wa. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìyókù lẹ́nu Zuura, ìyá ọmọ náà.

Zuura ń fọ aṣọ ní ọsibítù ìlú. Opó ni. Bektur nìkan ló bí, ọmọ náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ omi, á fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ. Tí ariwo bá pọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa mi síwá sẹ́yìn. Ọ́tísìmù ni dókítà pè é nígbà tó wà ní kékeré. Látìgbà tó ti tó ọmọ iléèwé ló ti ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé tó wà létí odò, níbi tí Aisuluu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ń dúró de ẹlòmíì. Zuura á mú un lọ láàárọ̀, á lọ mú un nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á sì wà láàárín. Bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn nìyẹn.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ́dún yẹn, Bektur pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Wọ́n gé kéèkì fún un nílé ìtọ́jú, wọ́n rọra pàtẹ́wọ́ nítorí etí rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ sì pe Zuura sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ìyá Bektur, ẹ mọ̀ pé ọmọdé nìkan ni wọ́n fún wa láṣẹ láti máa tọ́jú.”

“Mo mọ̀.”

“Kì í ṣe pé a ò fẹ́ ẹ o.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ẹ jẹ́ kó máa wá títí oṣù á fi parí.”

Zuura lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní orúkọ tí àwọn ń pe ohun tó ń ṣe ọmọ náà, ti ọmọdé ni. Ní báyìí tó ti dàgbà, orúkọ mìíràn ló kù, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tí orí wọn dàrú. Zuura bi í bóyá òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ òun di ẹlòmíì. Dókítà yíjú sí fèrèsé, ó ní, “Ìyá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin.” Zuura dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò sí ìjà kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí oṣù parí, ó ti ọmọ náà mọ́lé, ó lọ síbi iṣẹ́. Àwọn aládùúgbò rí Bektur lójú títì láìwọ bàtà, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó ń lọ síhà odò. Ilé ìtọ́jú ló ń lọ. Wọ́n ní nígbà tó débẹ̀, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì dúró síwájú rẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi dé.

Sharshen, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Zuura, wá kí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Awakọ̀ ni, ẹ̀yìn a sì máa dùn ún.

“Zuura, ilé ńlá tí ìjọba ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí yẹn ṣì wà lẹ́yìn òkè. Wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á fún un ní bẹ́ẹ̀dì.”

“Bùọ̀dá, ta lẹ mọ̀ tó wọ ibẹ̀ tó jáde?”

Sharshen ń ro tíì rẹ̀ kiri nínú ife.

Aisuluu ló bá wọn wá ọ̀nà mìíràn. Ìyá àgbàlagbà kan wà lókè àdúgbò, Kaliypa, tí òun àti àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá jọ ń fi irun àgùntàn ṣe ẹní aláràbarà tí àwọn àlejò ìlú òkèèrè ń rà. Aisuluu bẹ̀ ẹ́ kó gba Bektur síbẹ̀. Kaliypa ní òun ò sọ pé rárá, òun ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á wá mu tíì nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú, kí òun fi ojú ara òun rí ọmọ náà. Tí Kaliypa bá kọ̀, ilé ẹ̀yìn òkè ló kù. Zuura mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kéré jù nínú ilé ló ń bu tíì. Ìsàlẹ̀ ife ló ń bù ú sí, ìwọ̀n ẹnu bíi méjì, kí àlejò lè máa dá ife padà, ká tún bu òmíràn fún un, kó mọ̀ pé a ò fẹ́ kó lọ. Ẹni tí a bá bu tíì kún ife fún, a ti ní kó mu ún kó máa lọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ife ńlá ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń lò nílé ìtọ́jú, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i lára nítòsí ẹnu. Gbogbo ìgbà òtútù kan ni Aisuluu fi kọ́ Bektur: bù ú dé orí ìlà, dúró, gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, kó o sọ pé, “Ó parí.” Kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ náà á bu tíì fún àlejò lọ́jọ́ kan.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Zuura ń kọ́ ọ kó máa bu díẹ̀. Á bu díẹ̀ lóòótọ́. Á wo ife náà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sí i nínú, á tún gbé kẹ́tùlù, á sì bù ú kún.

Ní ọjọ́ Àìkú, Kaliypa wọlé tòun ti òwú irun àgùntàn lórí gèlè. Sharshen ti jókòó sẹ́bàá ògiri, nítorí ó yẹ kí ọkùnrin wà níbẹ̀. Borsok, àkàrà ìyẹ̀fun tí Zuura dín, kún orí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún oúnjẹ.

“Zuura,” ni Kaliypa wí bó ṣe ń jókòó, “gbogbo èyí torí èmi nìkan? Àbí ìyàwó lẹ fẹ́ gbé lónìí?”

“Ẹ jẹun, màmá. Ẹ̀yin nìyàwó.”

“Ìyàwó tí orúnkún ń dùn.”

Bektur gbé kẹ́tùlù. Zuura ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà bu tíì sí ife Kaliypa, ó ń bù ú, ó ń bù ú, títí tó fi kan ẹnu ife gbáú. Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. “Ó parí,” ló wí.

Sharshen rẹ́rìn-ín. “Àǹtí Kaliypa, ẹ ò tíì jókòó re, wọ́n ti ń lé yín.”

Kí Zuura tó ronú, ó ti já ife náà gbà, ó sì da ìdajì rẹ̀ padà sínú kẹ́tùlù. “Ẹ má bínú, màmá. Kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí.”

Bektur rí i pé ohun tí òun ti parí kò parí mọ́. Ohùn kan jáde lọ́fun rẹ̀. Ó bu ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn gbá ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ta kẹ́tùlù, tíì sì dà sórí borsok. Zuura dì í mú, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti tóbi jù ú lọ tipẹ́. Sharshen dìde.

“Jókòó, Sharshen,” ni Kaliypa wí.

Ó gbé kẹ́tùlù tó dojú dé, ó ro ohun tó kù nínú rẹ̀ sí ife náà títí ó fi kún dé ẹnu, ó sì gbé e síwájú ọmọ náà. Ó ká ọwọ́ lé itan, ó dúró. Ó pẹ́. Mímì náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bektur wo ife náà.

“Ó parí,” ló wí.

Kaliypa gbé ife náà, ó mu ún tán. “Ife kíkún ni ìyá ọkọ mi fi ń gbà mí lálejò ní gbogbo ọdún tí mo kọ́kọ́ délé wọn,” ló sọ. “Mi ò lọ. Èmi náà ni mo wá sin ín nígbà tó kú.”

Zuura ń nu aṣọ ilẹ̀. Kò gbójú sókè. “Ṣé ẹ máa gbà á?”

“Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì, láàárọ̀ nìkan. Á máa yọ ẹ̀gún kúrò lára irun àgùntàn. Agbára mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn obìnrin ọ̀dọ̀ mi.”

“Àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀, Zuura.”

“Mo lè máa wá jókòó tì í, kí ẹ̀rù má bà wọ́n.”

“Rárá. Ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́. Mo rí bó o ṣe já ife yẹn gbà. Kí n tó bínú ni ìwọ ti bá mi bínú sí i.” Ó di ògiri mú, ó dìde. “Mú un dé ẹnu ọ̀nà, kó o sì máa lọ. Má bojú wẹ̀yìn, torí tó bá rí ojú ẹ, á tẹ̀ lé ẹ.”

Nígbà tó lọ tán, Sharshen ṣa borsok tí kò tíì rin jẹ. “Ọjọ́ méjì,” ló wí. “Ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ méje ni o.”

“Mo mọ̀ ọ́n kà, Bùọ̀dá.”

Zuura bẹ ọ̀gá rẹ̀ ní ọsibítù kó jẹ́ kí òun máa ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ọjọ́ tó kù, Sharshen á sì máa wá sùn ti ọmọ náà. Ọ̀gá gbà. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ á máa sùn, kò rò ó débẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti ìhà adágún omi tó wà nítòsí ìlú. Nígbà tí wọ́n dé oríta, Bektur fẹ́ yà síhà odò, Zuura dì í lápá, wọ́n dúró síbẹ̀ títí ó fi gbà kí wọ́n máa lọ sókè. Ooru omi gbígbóná ń jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin tó wà nínú fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n. Kaliypa jáde, ó di etí ẹ̀wù ọmọ náà mú.

Kọ́là ẹ̀wù Bektur ti wọ́. Zuura gbé ọwọ́ láti tún un ṣe, ó sì gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Ó yí padà. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn, kò sì lè mọ̀ bóyá ó ń kùn bó ṣe máa ń kùn tí ara bá tù ú, tàbí ó ń pè é. Ó kọjá ilé tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ọrùn rẹ̀ le bí igi, kò bojú wẹ̀yìn.