Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Lóhùn

Ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kí wọ́n má bi mí ìdí tí fíríìjì wọn fi ń kùn. Ó ti sú mi. Àwa mélòó kan la ń pín ètò kan ṣe lórí rédíò, à ń gba aráàlú nímọ̀ràn lórí nǹkan oníná inú ilé. Bí mo bá délé, mi ò fẹ́ fi ojú kan rìmóòtù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹnì kan pè, ó ní Bàbá Onílé Ewé ni òun. Mo mọ ìnagijẹ náà, mo sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, ọmọ ìyá mi, ẹni tí kò gbé fóònù mi láti ìgbà òjò. Mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sun gbogbo ẹbí pé ó fojú di mí. Mo ti ní kó jókòó ti ipò àgbà rẹ̀ níbẹ̀.

"Kò lóhùn rárá!" Ó ń pariwo bí ẹni tó wà lódìkejì odò. "Tuntun ni mo rà o, ẹ̀kejì rèé. Mo yí ohùn rẹ̀ dé òpin, aládùúgbò ń wá kanlẹ̀kùn mọ́ mi lórí, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n kàn ń lanu lásán nínú ẹ̀. Gbàrọgùdù ni wọ́n ń tà fún wa!"

Ọ̀gá ètò tó wà lẹ́yìn gíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí aládùúgbò bá ń gbọ́, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́. Fóònù tí mò ń pè é sí náà ń dún lásán níbẹ̀ látọjọ́ yìí ni, kò gbọ́ ọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí.

"Kò bàjẹ́, sà," mo ní. "Bọ́tìnnì kan wà lára rìmóòtù yín tí yóò máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí yín wò."

"Ẹ sọ ọ́ sókè!"

Mo tún un sọ. Mo tún un sọ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọ̀gá ètò ń fọwọ́ júwe pé kí n já a sílẹ̀, pé àwọn ẹlòmíràn ń dúró. Mi ò wo ibi tó wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni!" Gbogbo ìlú ló ń gbọ́. "Ẹ má ra òmíràn mọ́. Mò ń bọ̀ sílé yín lónìí!"



"Mi ò gbọ́ yín dáadáa, ẹ má bínú," ó ní. "Àbúrò mi obìnrin kan ń bẹ níbi iṣẹ́ yín. Ẹ bá mi kí i. Kì í pè mí mọ́."